Awọ́nríwọ́n Tó Jẹ́jẹ́ Jù Lọ Ni Mo Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn bí mo ṣe di ẹni tó ń sin awọ́nríwọ́n ní Niangon, ní Abidjan níbí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, ti kú ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta nígbà náà. Ibà ni. Ó lọ síbi iṣẹ́ ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, a ti sin ín. Èmi kò sunkún. Mò ń dáná, mò ń fọṣọ, mò ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Àwọn tó wá kí wa ní mo ṣe ọkàn akin, wọ́n ní Ọlọ́run ló fún mi lókun. Okun wo? Mi ò kàn mọ nǹkan kan lára ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Bọ́lá náà kò sunkún. Ọmọ ọdún méje! Olùkọ́ rẹ̀ pè mí, ó ní ọmọ náà ti wá di ọmọ jẹ́jẹ́ gan-an, kì í pariwo ní kíláàsì mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ǹ bá sọ? Nílé, ó lè tó ọjọ́ méjì tí kò ní sọ ju "oui" àti "non" lọ, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ tàwọn Faransé. Tó bá ti dé láti ilé ìwé, á lọ jókòó sídìí ògiri, á máa wo alángbá.

Àfi bó ṣe dédé sọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ ọ̀kan tòun, àmọ́ kó tóbi díẹ̀. Odindi gbólóhùn! Ká ní kìnnìún ló bèèrè, ǹ bá jáde lọ wá a.

Alángbá ò ṣeé mú, ó sì kéré. Agẹmọ sì rèé, ìyá mi ò ní wọlé mi mọ́ láé. Ó ku awọ́nríwọ́n, èyí tí ò tíì gùn ju apá mi lọ. Mo wọ cyber, ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ ìwé ojú méjì fún mi. Ìwé náà ní kí n wá ilé tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, àwo omi, àti ibi tó máa sá pamọ́ sí. Ó tún sọ̀rọ̀ gílóòbù tó ń móoru, mo fo ìyẹn. Ta ló ń wá ooru ní Abidjan?

Mo kó abọ́ kúrò nínú garde-manger wa, kọ́bọ́ọ̀dù onínẹ́ẹ̀tì tí a ń tọ́jú ọbẹ̀ sí. Mo da iyanrìn sí i, mo fi ìkòkò fífọ́ ṣe ihò. Mo wá gbé e síwájú fáànù ní pálọ̀, kí ara lè tu ẹran wa.

Ní Treichville, lẹ́yìn ọjà, ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní awọ́nríwọ́n mẹ́ta láàyè nínú agbọ̀n. Àkọ́kọ́ fọn mọ́ mi, ó na ìrù, mo fò sẹ́yìn! Èkejì ń fi èékánná ya agbọ̀n. Ẹ̀kẹta dijú. Mo fọwọ́ kàn án, kò mira. Mo ní èyí gan-an lọmọdé lè bá ṣeré.

Ìyá náà bi mí bóyá kí òun gé e sí wẹ́wẹ́ fún ọbẹ̀ ẹyìn. Nígbà tí mo ní ọmọ mi ló máa sìn ín, ó fi èdè Jula ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé kó sáré wá wo obìnrin tó fẹ́ kọ́lé fún ẹran ọbẹ̀!

Ọjọ́ mẹ́ta, ẹran ò jẹun. A fún un ní aáyán, a fún un ní ẹyin. Bọ́lá náà ò jẹun mọ́. Ó gbé abọ́ ìrẹsì lé itan, ó jókòó síwájú nẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi Faransé bi mí bóyá ẹran náà ti kú bíi Papa.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Mo kàn dìde lọ pe Bọ̀dá Táíwò, aládùúgbò wa, wẹ́dà tó ti Èjìgbò dé, tí kò tíì pé ọdún kan níbí.

Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́lá, Faransé ti gbà yín lórí! Ẹran lẹ ń fẹ́ fáànù fún?" Ó wá fọwọ́ kan ikùn ẹran náà, ẹ̀rín tán. "Ha! Ara ẹ̀ tutù bí omi àmù. Oòrùn ló ń jí irú èyí. Ẹ ò ṣe ra èyí tó ń jà?"

Mo ní nítorí pé jẹ́jẹ́ ni èyí.

"Jẹ́jẹ́ kọ́, Ìyá Bọ́lá. Ara rẹ̀ ni ò yá."

Mo wo Bọ́lá. Mo wò ó gan-an, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ìsìnkú. Ìgbà wo lọrùn ọmọ mi ti tín-ín-rín tó báyìí?

A gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà síta, sínú oòrùn. Nígbà tó ṣe, ẹran lajú. Ó yọ ahọ́n. Bọ́lá ṣí ilẹ̀kùn, ó nawọ́ sí i, ni ìrù bá dún pàá! lápá rẹ̀.

Ó figbe ta! Apá náà wú, ó pọ́n. Bọ̀dá Táíwò ti ilẹ̀kùn, mo fi omi tútù sí apá rẹ̀, ìrora yẹn ti yẹ kó lọ, àmọ́ ọmọ yìí ò dákẹ́. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe Papa. Papa, Papa, títí gbogbo àgbàlá fi jáde. Wọ́n ń kí i ní yako, ìyẹn pẹ̀lẹ́ tibí, wọ́n ní kó má sunkún mọ́, wọ́n ní akíkanjú ọmọ kì í sunkún.

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sunkún."

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé e lé itan. Ó sunkún títí ìró mi fi tutù rin. Omijé tèmi ò jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ mo mọ̀ ọ́n lára pé omijé rẹ̀ gbóná.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹran jẹ aáyán méjì. Bọ́lá jẹ ìrẹsì, ó ní kí n bu sí i.

Ẹ̀yin tó fẹ́ sin awọ́nríwọ́n, ẹ wá ibi tí oòrùn ń ràn sí kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó ń jà. Tí wọ́n bá sì yin ọmọ yín pé kò yọni lẹ́nu mọ́, ẹ má tètè dúpẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án ná. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló dákẹ́ nílé yín tẹ́ ẹ rò pé àlàáfíà ni? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, màá kà á.