Ọ̀bẹ Bàbá Léètì Tó Dojú Délẹ̀

Ọjọ́ tí léètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, fò kúrò lórí tábìlì, gbogbo ará ilé ló sá jáde. Ẹni tó ń wẹ̀ lọ́wọ́ yọ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Ìgbẹ̀yìn ni Bàbá Yẹ̀kínnì, tí gbogbo àdúgbò ní Muṣin ń pè ní Bàbá Léètì, tó yọjú, ó mú ọ̀bẹ tó ṣẹ́ dání.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló ń lé yín?"

Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gé irin já ló há sára irin tó ń yí. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ìgbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì ní rélùwéè Èbúté Mẹ́ta ló rà á, tó gbé e sí pálọ̀, tó kó àga àlejò síta.

Ọ̀la ni Iléyá, bọ́ọ̀ṣì, òrùka irin inú ẹ̀rọ ata Àmúdàtù, ìyàwó ẹ̀, sì ti jẹ; tuntun ni Bàbá ń gbẹ́. Ata gbogbo àdúgbò ń dúró.

"Bàbá Husnah, tí bọ́ọ̀ṣì yìí ò bá jáde kí wọ́n tó pe ìrun Àláásárì, Oyèwọlé ni mò ń gbé e lọ fún o."

Oyèwọlé ló ni léètì ńlá tó wà lódìkejì títì. Kí iṣẹ́ ìyàwó Bàbá kọjá lójú ẹ̀ lọ síbẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ! Bàbá sáré lọ wá ọ̀bẹ mìíràn lọ́dọ̀ Ọláyíwọlá tó ń ta irinṣẹ́.

"Bàbá, ẹ mú èyí tó nípọn. Strong ni."

"Léètì mi kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ Ìgánmú. Ẹnu kékeré, òkèlè kékeré. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó o fún mi."

"Ṣebí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ló ṣẹ́?"

"Mo jẹ́ kó yọ síta jù ni, ló bá ń gbọ̀n. Ìwọ náà yọ ahọ́n ẹ, kí n dì í mú, wàá rí i."

Ọláyíwọlá pa ẹnu ẹ̀ dé, ó ta ọ̀bẹ fún un.

Bàbá gé agolo mílíìkì, ó fi tẹ́ abẹ́ ọ̀bẹ títí ẹnu ẹ̀ fi ṣe déédéé àárín irin. Ó tan ẹ̀rọ. Irin figbe ta, àgbò Iléyá tó wà lẹ́yìnkùlé dá a lóhùn. Ó tún un tò, irin tún ké, àgbò náà ò gbà. Bàbá paná ẹ̀rọ, ó wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ló bá gbé ọ̀bẹ lọ sí ẹ̀yìn irin, ó dojú ẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Bàbá Husnah, òdì lẹ fi ọ̀bẹ yẹn sí!"

"Níwájú, irin ń fà á wọlé. Lẹ́yìn, irin á máa tì í kúrò ni. Da epo sí i, jàre."

Àmúdàtù da epo. Ọ̀bẹ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bọ́ọ̀ṣì já bọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìrun. Àgbò pàápàá dákẹ́. Bàbá ò tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé e dé ìdí ẹ̀rọ ata. Ó fi í bọ ìka bí òrùka, ó sọdá títì.

"Oyèwọlé, mo ní kí n yà kí ẹ ni."

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Oyèwọlé fúnra ẹ̀ wá bá opó tọ́jú léètì. Ó rí ọ̀bẹ tó dojú délẹ̀, ó yọ sípánà.

"Ìyá Husnah, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún èyí ṣe."

Àmúdàtù di ọwọ́ ẹ̀ mú, ẹ̀rín àti ẹkún ń bá ara wọn jà lójú ẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tó fi í sí náà nìyẹn."

Oyèwọlé fi sípánà sápò. Níta, Husnah ń lọ ata, bọ́ọ̀ṣì Bàbá ṣì ń yí.