Àdúrà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Ṣe Àmín Sí

Òórùn tó máa ń jí mi ní òwúrọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé kì í ṣe ti kọfí bíi ti àwọn ọmọ kíláàsì mi. Òórùn pańla ni, pẹ̀lú candeggina tí ìyá mi fi ń nu ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. San Salvario, àdúgbò kan ní Torino ní Italy, ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, a sì ń gbé lókè rẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tó bá ń rùn nísàlẹ̀ á gun àtẹ̀gùn wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Pańla àti candeggina á máa bá ara wọn jà títí di ọ̀sán, pańla ló sì máa ń borí. Ọmọ tó jókòó tì mí nílé ìwé fa imú lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé ẹ̀ ń sin ẹja nílé yín ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tóbi, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sùn. Ó gbà mí gbọ́ títí a fi jáde ní elementare, ìyẹn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Kí ìyá mi tó gbé ìlẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù sókè, a gbọ́dọ̀ gbàdúrà. Àárín fìrísà àti àpò gàrí ni a máa ń dúró sí: ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi Bísọ́lá, àti èmi. Bàbá wa kì í sí níbẹ̀. Magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Ferrara ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá sì wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀, oorun ni wọ́n ń wá sùn. Ìyá mi á gbàdúrà fún ọjà, fún permesso, ìwé ìgbélùú wa, fún àwọn tó wà nílé ní Ṣakí. Iṣẹ́ tiwa ni àmín. Wọ́n máa ń sọ pé, "Àdúrà tí kò ní àmín, lẹ́tà raccomandata tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí ni. Ibi tó ti wá ló máa padà sí." Èmi ni ọ̀gá àmín nígbà yẹn. Mo máa ń ṣe é kí ìyá mi tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, nítorí tí àdúrà bá tètè tán, a ó tètè jẹun.

Bísọ́lá ti wà ní yunifásítì nígbà náà, ó ń ka Lettere. Ó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn, èèyàn kì í sì í bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tì í sí ògiri. Ìyá mi fara da Lettere bí èèyàn ṣe ń fara da àlejò tí kò sọ ọjọ́ tó máa lọ. Wọ́n bi í nígbà kan pé ìwé wo gan-an ló ń kà níbẹ̀. Ó ní ìwé àwọn akéwì, àti ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa ìwé àwọn akéwì. Ìyá mi ro ó díẹ̀.

"Ìwé nípa ìwé," ni wọ́n wí. "Tí ebi bá wá ń pa ọ́, ṣé oúnjẹ nípa oúnjẹ lo máa jẹ?"

Nígbà tó wá di ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Bísọ́lá ní tí òun bá parí Lettere, òun fẹ́ ṣe ìdánwò wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú... Ibẹ̀ ni ìyá mi ti dìde. Wọn ò dúró gbọ́ ohun tí dókítà náà ń tọ́jú. Kó tó di alẹ́, gbogbo San Salvario ti gbọ́, Ferrara ti gbọ́, Ṣakí ti ń dúpẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Ṣèyí tó ń dirun ní ẹ̀gbẹ́ wa wọlé, wọ́n ká yẹ̀rì sókè, wọ́n gbé orúnkún wọn lé orí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata gígún.

"Dókítà, bá mi wo orúnkún yìí. Ó máa ń sọ̀rọ̀ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn."

Bísọ́lá wo orúnkún, ó wo ìyá wa. "Màmá Ṣèyí, ẹ má bínú. Ẹranko ni mo fẹ́ máa tọ́jú. Ajá, màlúù, ewúrẹ́."

Màmá Ṣèyí rọra gbé orúnkún wọn kalẹ̀. "Èwo ni orúnkún mi wá jọ nínú wọn?"

Fóònù wà létí ìyá mi lásìkò yẹn, wọ́n ń sọ fún ẹnìkan ní Asti pé ọmọ àwọn máa di dókítà. Wọ́n gbé e kúrò létí, wọ́n sì dákẹ́. Tí ìyá mi bá dákẹ́, bí ìgbà tí fìrísà bá dákẹ́ ni: nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Bàbá mi sin ewúrẹ́ ní Ṣakí, wọn ò ka ìwé kankan. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Torino kí ọmọ mi lè padà sídìí ewúrẹ́. Ó tún fẹ́ ṣèdánwò kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ibẹ̀."

Wọn ò bá a jà. Ọjà ti kọ́ wọn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo ló máa dín owó. Wọ́n kàn gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú àdúrà òwúrọ̀. "Bísọ́lá, wàá di dókítà èèyàn. Mínísítà á tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ." Mo ṣe àmín. Bísọ́lá kò ṣe. "Wàá wọ aṣọ funfun ní ọsibítù ńlá." Mo tún ṣe àmín, mo fi ti Bísọ́lá kún un kó lè pé. Ìyá mi la ojú kan. "Ìwọ, ta ló ń gbàdúrà fún ọ?" Wọ́n wá yí ojú yẹn sí Bísọ́lá, ó dúró bí òpó, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ọmọ bá bú ìyá rẹ̀, wọ́n lè sọ pé Italy ló bà á jẹ́. Èyí tí kò ṣe àmín ńkọ́? Ta la fẹ́ dá lẹ́bi?

Mo bi í ní yàrá pé kí ló dé. Ó dá mi lóhùn ní èdè Italy, bí a ṣe máa ń ṣe: "E se poi funziona?" Tó bá wá lọ ṣẹ ńkọ́? Ìgbà yẹn ló yé mi pé Bísọ́lá gba ẹnu ìyá mi gbọ́ ju bí ìyá mi fúnra wọn ṣe gbà á gbọ́ lọ. Ó sì ní ìdí. Nígbà tí onílé wa fẹ́ lé wa jáde, ìyá mi bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọkùnrin náà ní nǹkan mìíràn tí yóò máa rò. Kò pẹ́, ìfẹ́ obìnrin kan gbé e lọ sí Padova. A kò rí i mọ́ àyàfi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin. Èèyàn kì í fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ó wá ku kí ó múra ìdánwò. Ọmọ tó ti ń bá ewì àti Látìn sùn, kí ló mọ̀ nípa kẹ́mísírì? Ó wá ìwé àwọn ọmọ liceo, ìyẹn girama àgbà, ó ń kà á lẹ́yìn káńtà. Bí ó ṣe ń há ewì sórí nìkan ló mọ̀, nítorí náà ó ń ké kẹ́mísírì bí ewì: carbonio, azoto, ossigeno, orí rẹ̀ á máa mì sí i. Oníbàárà á ní òun fẹ́ ẹ̀wà olóyin, Bísọ́lá á máa wọn ẹ̀wà, ẹnu rẹ̀ á wà lórí fosforo. Bàbá kan rò pé ẹ̀mí ló bà lé e, wọ́n ṣí fìlà.

Fìrísà ló fi kọ́ nípa ara ẹranko. Kò sí ẹsẹ̀ màlúù tó jáde níbẹ̀ tí kò kọ́kọ́ tẹ oríkèé rẹ̀ wò. Màmá Ṣèyí wá ra ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ lọ́jọ́ kan, Bísọ́lá gbé e sókè sí iná.

"Màmá Ṣèyí, ẹ wo ibí yìí. Kòkòrò kan wà tó máa ń gbé inú ẹ̀dọ̀, ó pẹlẹbẹ bí ewé."

"Ṣé ó wà nínú èyí?"

"Rárá o, èyí mọ́. Mo kàn ń ṣàlàyé ni."

"Èyí tó mọ́ náà, gbé e padà. Fún mi lẹ́yin."

Bísọ́lá la ẹnu. Ìyá mi ò wo ẹ̀yìn rárá. "Tí o bá sọ ohunkóhun nípa ẹyin, ibùdókọ̀ ojú irin Porta Nuova ni wàá sùn lónìí."

Ní ọjọ́ tí kò bá ní ẹ̀kọ́, á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọgbà màlúù kan lẹ́bàá Asti, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ ẹranko. Tó bá padà dé, ìgbẹ́ màlúù á ti gùn ún dé orúnkún. Ìyá mi, tí pańla ti wọ̀ lára láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, á di imú mú: "Bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀ níta. Ilé tó mọ́ là ń gbé."

Bí ìdánwò ṣe ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ náà le. Bísọ́lá ní òun kò ní lọ tí ìyá òun kò bá gbàdúrà fún òun. Ìyá mi ní àwọn kò ní gbàdúrà lórí ajá. Àwọn ọmọ Italy á ní kí ló kàn án, kó gbé bíírò rẹ̀ kó máa lọ. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ sí lórí lówùúrọ̀ ìdánwò, bí ẹni tó jáde nínú yìnyín láìwọ bàtà ni. Màmá Ṣèyí wá bẹ̀bẹ̀.

"Ìyá Bísọ́lá, ẹ gbàdúrà fún ọmọ yìí. Ajá náà, ṣebí Ọlọ́run ló dá a."

"Mi ò bá A jiyàn pé Ó dá a. Ṣé kí n wá máa pe orúkọ ajá sí I létí láàárọ̀, pẹ̀lú ẹnu tí mo fi ń pe orúkọ Rẹ̀?"

"Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé."

"Èyí kò ṣípá. Ó káwọ́ mọ́ra."

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, Bísọ́lá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó kúnlẹ̀ láàárín fìrísà àti gàrí. Ìyá mi ti gbé ìlẹ̀kùn irin dé ìdajì nítorí iṣu tuntun ti dé, àwọn oníbàárà sì ti ń dúró níta. Bàtà wọn nìkan là ń rí. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Wàá di dókítà èèyàn."

Bísọ́lá dákẹ́. Ìyá mi dúró díẹ̀, bí ẹni tó dá iye ọjà tí oníbàárà kò fèsì.

"Ó dáa. Dókítà ọmọdé."

Ó dákẹ́.

"Dókítà eyín. Eyín nìkan, kì í ṣe gbogbo ara."

Ó dákẹ́.

"Farmacia. Wàá jókòó sínú farmacia máa ta oògùn, o ò ní fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀."

Bísọ́lá wo aago ara ògiri. Ọkọ̀ tram kò ní dúró dè é. Ó gbé orúnkún kan nílẹ̀. Ìyá mi ti ń tajà láti kékeré. Wọ́n mọ oníbàárà tó ń ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n sì mọ èyí tó ń lọ lóòótọ́. Mo rí ẹ̀rù lójú wọn, èyí tí n kò rí rí, kódà nígbà tí onílé ń kan ìlẹ̀kùn. Wọ́n tẹ orí ọmọ wọn padà sílẹ̀.

"Ajá kò ní bù ọ́ jẹ," ni wọ́n wí, bí ẹni ń yọ egungun ẹja lẹ́nu.

"Àmín," ni Bísọ́lá wí.

Ìyá mi mí kanlẹ̀. "Màlúù kò ní ta ọ́ nípàá."

"Àmín."

"Ewúrẹ́ tó bá ń rọbí, tí wọ́n bá pè ọ́ sí i, ìbejì ló máa bí."

"Àmín."

Ẹnu wọn wá ṣí. Wọ́n gbàdúrà lórí ẹṣin, lórí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n dé orí òkété, tí kò sí ní gbogbo ìpínlẹ̀ Piemonte. Àwọn bàtà tó wà níta kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ń bá wa ṣe àmín. Bísọ́lá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ ìlẹ̀kùn kọjá, ó sáré lọ. Ìyá mi nu ojú, wọ́n ní ata ni. Ata náà ṣì wà nínú ọ̀rá, ẹnikẹ́ni kò tíì tú u.

Bísọ́lá fìdí rẹmi. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n lu itan. "Mo dárúkọ gbogbo ẹranko, mi ò dárúkọ ìdánwò." Bísọ́lá ní fisica, ìyẹn físíìsì, ló ṣe òun. "Fisica náà, ṣé mo dárúkọ rẹ̀?" Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó kọ́ àwọn ní orúkọ gbogbo iṣẹ́ inú ìdánwò náà, wọ́n sì gbàdúrà lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń to ẹja sórí àtẹ. Bísọ́lá ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Ó wọlé. Ìyá mi sọ fún gbogbo ayé pé láti ìbẹ̀rẹ̀ làwọn ti fẹ́ràn ajá.

Lẹ́bàá Asti ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ajá kankan kò tíì bù ú jẹ. Ológbò nìkan ló ń ha á lọ́wọ́. Ìyá mi gbàgbé ológbò.

Èmi ò ka ìwé jìnnà. Mo ṣe terza media, ìparí girama kékeré, mo fi díẹ̀ kún un, mo padà sẹ́yìn káńtà, ṣọ́ọ̀bù sì ti di tèmi. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí ọmọ tó ń fi ebi ṣe àmín yẹn, tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ohunkóhun tí àgbà bá fi lé e lórí ló ń gbé lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Ṣèyí wá ra iṣu, inú wọn dùn, wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi ní ọkọ olówó kan ní Germany. Ọmọ yẹn ì bá ti ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì. Èmi gbé iṣu kalẹ̀.

"Màmá Ṣèyí, Germany níbo? Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé?"

Wọ́n ní àdúrà làwọn ń gbà, àwọn ò mọ ìyẹn.

"Ẹ bá mi wádìí rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ padà wá tún un gbà," ni mo wí. "Àmín wà ní ṣọ́ọ̀bù."