Iṣu Orí Ṣọ́bìrì

Nígbà tí ọkọ mi wà ní ọ̀dọ́, iṣẹ́ akoná ló ṣe nínú rélùwéè. Akoná ni ẹni tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná tó ń se omi, kí ooru omi náà lè máa ti ọkọ̀ lọ. Nígbà tí a fi máa fẹ́ra, wọ́n ti ń kó irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kúrò lójú irin, wọ́n sì ti gbé òun lọ sí ọ́fíìsì. Nítorí náà, n kò fi ojú mi rí ohunkóhun nínú ohun tó máa ń ròyìn. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà mí lè mọ ibi tí àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tó fẹ́ràn jù lọ ni ti iṣu. Ó ní bí ebi bá ń pa wọ́n láàárín Ọ̀fà sí Jẹ́bà, òun á fi omi gbígbóná fọ ṣọ́bìrì mọ́ tónítóní, òun á gé iṣu sórí rẹ̀, òun á sì gbé e sẹ́nu iná. Kí ọkọ̀ tó dé ìdíkọ̀ tó kàn, iṣu ti jinná, epo pupa ló kù.

Ilé wa ní Ìgàndò ni àwọn onílé àdúgbò ti máa ń ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé, ọkọ mi tún gbé ìtàn iṣu dìde. Ó ku ọdún mélòó kan kí n fẹ̀yìn tì nígbà náà, sáyẹ́ǹsì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Bírò wà lọ́wọ́ mi, torí èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo na bírò náà sókè.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iná tó lágbára débi tó ń ti odindi ọkọ̀ ojú irin lọ, bí ẹ bá gbé iṣu sí i, eérú lẹ máa kó jáde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo ka ìwé, èmi ni mo jẹ iṣu."

"Ẹ ṣàlàyé ná."

"Mi ò sọ pé inú iná jàre. Ẹnu iná ni mo wí."

"Ẹnu iná àti inú iná, ooru kan náà ni, Bàbá."

Onílé tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa bá pariwo pé, "Mọ́mì Tíṣà ti máàkì ẹ̀ o! Òdo nínú mẹ́wàá!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọkọ mi ní Bàbá Oníṣu. Ó ń dáhùn, ó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ púpọ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé kò sọ ìtàn náà mọ́. Bí ó bá fẹ́ ronú kan rélùwéè, ṣe ló máa ń dá wọkọ̀ lọ sí Ìyànà Ìpájà, á sì tibẹ̀ lọ sí Agége láti lọ wo àwọn ọkọ̀ ojú irin tuntun bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bí ó bá dé, á ní, "Wọ́n dára, ṣùgbọ́n wọn ò mí." Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un. Ó gba ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ kan, àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun gbogbo ló yé e, ṣùgbọ́n "hẹn" nìkan ló lè sọ. Nígbà tí ọmọbìnrin wa bímọ ní ìlú Òyìnbó, n kò fẹ́ lọ. Ọwọ́ tó kù fún un ló ń jù sí mi pé kí n máa lọ. Àbúrò mi obìnrin wá láti Èkìtì láti dúró tì í.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ mi mú mi lọ sí ilé ìṣẹ̀m̀báyé tí wọ́n kó àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sí. Ó ní, "Màámi, ẹ wá wo nǹkan Dádì." Wọ́n tò wọ́n sínú gbọ̀ngàn ńlá kan, wọ́n nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, kò sì sí iná nínú ìkankan. Àyà irin wọn ga jù mí lọ. Ìta ni a ti rí ọ̀kan tí wọ́n dá iná sí. Ó ń mí lóòótọ́. Òórùn tó ń tibẹ̀ jáde ni òórùn kóòtù iṣẹ́ ọkọ mi, èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí wa láti ọjọ́ pípẹ́.

Bàbá òyìnbó kan tí èédú ti wọ gbogbo èékánná rẹ̀ fà wá gòkè. Ó mú ṣọ́bìrì, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, ó fi ọ̀rá díẹ̀ pa á lójú, ó fọ́ ẹyin méjì sí i, ó sì gbé e sẹ́nu iná. Ẹyin náà jinná lójú wa. Ọmọ mi wò mí, ó sì yára gbójú kúrò.

Mo bi bàbá náà bóyá iṣu lè jinná bẹ́ẹ̀. Kò mọ iṣu. Mo ní ó dà bí ànàmọ́, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Ó ní yóò jinná dáadáa bí a bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó wá na ìka sí mi bí ẹni ń kìlọ̀ fọ́mọ: ẹnu iná ni o, kì í ṣe inú iná.

Mo di irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi yọ fóònù. "Ẹ jẹ́ ká pe Dádì báyìí."

"Rárá."

"Màámi, kí ló dé?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, bí mo bá ṣèèṣì bá ọmọ kan wí níwájú kíláàsì, iwájú kíláàsì kan náà ni mo ti máa ń bẹ̀ ẹ́. N kì í fà á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ojú àwọn onílé ni mo ti já bàbá rẹ̀ nírọ́, ojú wọn ni màá ti sọ pé èmi ni mo gba òdo.

"Ẹ sọ fún Dádì nísinsìnyí, kí ẹ tún wá sọ ọ́ ní ìpàdé. Ṣé èèwọ̀ ni?"

"Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, kí ló máa ya bàbá rẹ lẹ́nu lọ́jọ́ náà? Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀."

Mo pè é lọ́jọ́ kejì ṣá. Àbúrò mi gbé fóònù sí i létí. Mo ní, "Bàbá, nǹkan kan wà tí mo ń mú bọ̀ fún yín. Ẹ dúró dè mí."

Ó ní, "Hẹn."

Mo ra ìwé kékeré kan, mo kọ ọ̀rọ̀ mi sí i ní kókó mẹ́fà, kí n má baà fo ìkankan. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí n wọ bàálù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ tuntun ni mo ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi pè. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn onílé wá bá mi kẹ́dùn. Pálọ̀ kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni. Mo mú ìwé mi, mo dìde, ṣùgbọ́n n kò rí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé, "Ìtàn iṣu tí Bàbá máa ń sọ, òótọ́ ni. Mo ti fojú ara mi rí i. Èmi ni mo ṣì í."

Onílé tó kọjú sí wa, ẹni tó fún ọkọ mi ní òdo lọ́jọ́sí, ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Mọ́mì, a mọ̀. Ọ̀sẹ̀ òdo yẹn gan-an ni Bàbá sun iṣu fún wa, lórí ṣọ́bìrì, ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ẹ wà ní iléèwé. Gbogbo wa la jẹ nínú ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Bàbá ló ní ká má sọ. Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ràn kí ẹ máa gba òdo."

Mo jókòó. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kókó kìíní níbẹ̀ ni: Bàbá, ẹ dárí jì mí. N kò tíì kà á sí etí ẹnikẹ́ni.