Ẹni Tó Fẹ́ Bá Ọmọ Mi Tọ́jú Ilẹ̀

Ọmọbìnrin mi kò lè rìn, kò sì lè rún nǹkan lẹ́nu. Ògì ló ń mu. Àtìgbà tí àbúrò olóògbé ọkọ mi ti gbọ́ pé mo fẹ́ kí lọ́yà fi ilẹ̀ wa ní Orozo sórúkọ ọmọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n nílé wa ní Jikwoyi mọ́.

“Ìyàwó, orúkọ mi ni kí o fi sí i. Èmi ni màá tọ́jú rẹ̀ bí o kò bá sí mọ́.”

Ara fu mí. Ta ló sọ fún un pé mò ń kú lọ?

Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Kí lọmọ mi máa ń jẹ láàárọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ẹ̀pà yíyan yọ lápò, ó nà án sí ọmọ mi.

“Pulọ́ọ̀tì mélòó ni ilẹ̀ ọ̀hún?”