Iyùn inú òkun tó mú ìyá mi jó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iyùn inú òkun ló mú ìyá mi jó lónìí! Mo sáré wá fi í-meèlì yìí ránṣẹ́ láti àdúgbò Adébáyọ̀.

Láti ìlú Ìyìn ni Màámi ti wá kí mi ní ọ́fíìsì. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń wo àwòrán àwọn iyùn rírọ̀, ohun abẹ̀mí inú òkun tí mò ń ṣèwádìí nípa wọn.

"Ṣé ewéko nìwọ̀nyí?"

"Rárá, Màámi, ẹranko ni wọ́n. Mo fẹ́ mọ èwo ló bá èwo tan."

Mo ṣàlàyé pé ohun tíntìntín kan wà nínú ara wọn tó ń fún wọn lágbára, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni wọ́n sì ti ń jogún rẹ̀; òun ni mo fi ń mọ ìbátan wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tàwa èèyàn.

Obìnrin ni gbogbo àwa ọmọ Màámi, àwọn ẹbí bàbá mi sì máa ń sọ pé ilé Màámi ti parun nítorí wọn ò bí ọkùnrin.

"Tèmi wá wà lára gbogbo yín?"

"Àti lára àwọn ọmọ wa, Màámi."

Wọ́n tú gèlè, wọ́n so ó mọ́ ìdí, ijó bẹ̀rẹ̀. "Ulé mi ò parun o!"

Èmi tí mò ń kàwé yìí, mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nílé yín? Ẹ tètè fèsì o!