Àwọn Ọmọ Tí Kò Sí Lórí Ògiri

Òórùn káfúrà, àti ti férémù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kùn: òórùn pálọ̀ àwa ọ̀mọ̀wé Àrámọkọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọlá wa ṣe tó kò gbọdọ̀ wo àga, torí àga ti ya. Kó gbójú sókè wo ògiri. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tò sí pẹ̀lú gáùnù dúdú àti fìlà onígun mẹ́rin, tí wọ́n ká ìwé mọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ, tí ẹ̀rín wọn kò sì yẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya fọ́tò náà. Mo kí ọ o, férémù, ìwọ tó ń sọ tísà lásán di bàbá dókítà! Ọba ní adé, ìjòyè ní ìlẹ̀kẹ̀. Àwa tí a fi ṣọ́ọ̀kì jẹun, ògiri la ní. Mo mọ ọkùnrin kan ní Ìjerò tó gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó jáde ní jẹ́lé-ó-sinmi kọ́ sáàárín ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde ní yunifásítì. Gáùnù ṣáà ni gáùnù ń jẹ́.

Èmi náà ní ògiri tèmi. Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Pírínsípà ni gbogbo ìlú ń pè mí, n kò sì tíì rí àyè tún un ṣe fún wọn. Orúkọ yẹn ló gbé Alhájà wá sílé mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Ìlú Ará-Èkìtì ló ti ń ta oògùn kòkó fún àwọn àgbẹ̀. Ó ní wọ́n sọ pé mo gbọ́ òyìnbó, kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ìjọba.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló tìtorí rẹ̀ wá, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún tí kì í sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa to ìdérí ike sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, pupa lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Bí ọ̀kadà bá fun fèrè lójijì, yóò di etí, yóò sì sá wọ ibikíbi tó bá rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbé e káàkiri kí dókítà kan ní Adó tó sọ fún Alhájà pé ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, pé kì í ṣe èèdì, kì í ṣe àìgbọràn, pé bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń gba ayé wọlé ló yàtọ̀ sí tiwa.

Alhájà ní, “Pírínsípà, mo ti lé ní ọgọ́ta. Bí mo bá kú, ta ni yóò wẹ̀ fún un?”

Mo ní kí a lọ bá àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, wọn yóò ṣàánú. Ó mi orí.

“Kì í ṣe sàárà ni mò ń tọrọ. Ìjọba ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ tó lè sọ̀rọ̀. Kó sanwó fún ẹni tí yóò kọ́ èyí tí kò lè sọ ọ́.”

Mo kọ lẹ́tà ojú ewé márùn-ún. Òyìnbó inú rẹ̀ le débi pé èmi fúnra mi tún wo ìwé atúmọ̀ lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ tán. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera fún ìjọba ní agbègbè wa, ó ka ìlà mẹ́ta, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ lé e. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, “Bàbá, gírámà yín dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ ni mò ń wá. Nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kankan ní gbogbo apá ibí yìí.”

Alhájà na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í. “Èyí ńkọ́?”

“Ọmọdé ni ìwé wí, Alhájà. Èyí ti hu irùngbọ̀n.”

“Irùngbọ̀n ló hù. Kò hu ìyá mìíràn.”

Obìnrin náà wo ọmọkùnrin náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé kí a mú orúkọ méjìlá wá kí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, àtọmọdé àtàgbà, kí fọ́tò àti ìfọwọ́sí òbí wà lára fọ́ọ̀mù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí ó bá pé méjìlá, òun yóò fi sínú ètò ìnáwó tó ń lọ sí Adó. Bí kò bá pé, kò sí ohun tí òun lè fi jà fún wa.

Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ nílẹ̀ wa. Ohun tó jẹ́ kí ìwé ìjọba ṣófo nìyẹn, torí bí a kò bá ka ọmọ, ó rọrùn láti fo ọ̀kan. Mo sọ èyí fún Alhájà pẹ̀lú àlàyé gígùn. Ó ní kí n gun ọ̀kadà.

Òkè Ẹ̀fọ̀n la kọ́kọ́ gùn, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí orúnkún mi ń dáhùn. Ilé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì la wọ̀. Alhájà kò sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù rárá. Ó lọ síbi ògiri, ó ń fi ìka tọ́ka sí fọ́tò, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ilé fajú ro.

“Alhájà, ẹ má ka ọmọ fún wa o.”

“Àgbẹdọ̀! Fọ́tò ni mò ń kà.” Ó parí kíkà, ó yíjú padà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tó ń béèrè omi. “Èyí tó kù ńkọ́? Ó ti jẹun?”

Ṣé o rí i? Kò béèrè bóyá ọ̀kan kù. Ọkọ ní, “Èyí tó kù wà ní Kánádà.”

Ìyàwó wò ó. “Kánádà wo? Ṣé yàrá ẹ̀yìn lẹ wá ń pè ní Kánádà?”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di omi lójú, ó sì lọ mú ọmọkùnrin kan jáde, ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó mọ́ tónítóní, tó ń yẹra fún ojú wa. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lókè ni mo ń pariwo “Kánádà!” lórí ọ̀kadà, tí ọlọ́kadà sì ń bá mi rẹ́rìn-ín. Alhájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní Ìjerò, àgbẹ̀ arúgbó kan lé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́: “Kò sí irú ẹ̀ nínú ulé mi.” A ti tan ọ̀kadà nígbà tí a rí i tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, tó di fọ́tò kékeré kan mú, èyí tí wọ́n yà fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò gba ọmọ náà wọlé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mọ́kànlá la ní. Alhájà jókòó ní pálọ̀ mi, ó mu omi, ó tẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù sórí ẹsẹ̀. Mo ní kò burú, mọ́kànlá kò jìnnà sí méjìlá, n ó kọ lẹ́tà mìíràn. Ó dìde, ó lọ síbi ògiri mi.

“Lọ́yà nìyí. Èyí ló ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, àbí? Èyí sì ni nọ́ọ̀sì.” Ó yíjú padà. “Èyí tó kù ńkọ́, Pírínsípà? Ó ti jẹun?”

Láti ẹ̀yìnkùlé ni a gbọ́ àtẹ́wọ́: mẹ́ta, ìdákẹ́, mẹ́ta. Bí ọmọbìnrin mi ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà.

Mo ní, “Ta ló sọ fún yín?”

“Ta ni kò mọ̀? Gbogbo àdúgbò ló ń bá yín pa á mọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n.”

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu kọ́tìnì, abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló dáhùn. “Ó ti jẹun, Alhájà. Iyán ló jẹ.” Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. “Dádì, ẹ kọ ọ́.”

Ọwọ́ tí mo fi kọ èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùndínlógójì náà ni mo fi mú bírò. Mo kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìdílé, àti oríkì rẹ̀ tí fọ́ọ̀mù kò tilẹ̀ béèrè.

Kò yá bí a ti rò. Ó lé ní ọdún kan, a sì tún lọ jókòó sí ọ́fíìsì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n owó náà dé. Ilé ìgbòògùn àtijọ́ kan ni wọ́n tún ṣe fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì kun pátákó tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń ṣí, òṣìṣẹ́ méjì tí ìjọba ń san owó oṣù fún wà níbẹ̀, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan sì ń wá láti Adó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé wọn yóò sọ ọmọ mi di ẹlòmíràn. Wọ́n kọ́ ọ láti gbé káàdì aláwòrán kan sókè bí ariwo bá pọ̀ jù fún un, gbogbo yàrá yóò sì dákẹ́. Ọmọ Alhájà ló ń to àga. Má ṣe gbìyànjú láti sún ọ̀kan. Báyìí, ilé tí wọn yóò lè máa sùn sí lẹ́yìn ikú wa ni a ń béèrè. Obìnrin ọ́fíìsì ní kí a mú orúkọ wá, a kò sì rìn jìnnà kí ìwé tó kún. Bí mo bá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, tí mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà láti inú, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bú ìjọba pé kò rí wa. Ó yẹ kí n bú u, mo ṣì ń bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, ojú wo ni ìjọba fẹ́ fi rí i?

Mo ti sọ ìtàn bàbá Kánádà yẹn níbi púpọ̀, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kì í fi kún un ni pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ fún àwọn tísà ẹgbẹ́ mi pé ọmọbìnrin mi yìí ti lọ́kọ ní Àbújá. Nígbà tí wọ́n béèrè ọmọ, mo ní ó ti bí méjì, akọ kan, abo kan. Ọ̀kan nínú wọn hun fìlà òtútù fún ọmọ tuntun náà. Mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Àbújá ni Kánádà tèmi.