Aránṣọ Tí Wọ́n Fi Ayé Rẹ̀ Ṣe Fíìmù

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin aránṣọ yìí fi bá ọkùnrin tó ń gbé yàrá òkè ṣọ̀rẹ́. Ìsàlẹ̀ ilé kan náà ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà. Òǹkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ni ọkùnrin náà. Kì í dáná. Ìkòkò aránṣọ ló máa ń ṣí. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni aránṣọ sùn fún ọjọ́ mẹ́fà. Bí èèyàn bá béèrè ohun tó wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì á jọ dáhùn pé, "Ọ̀rẹ́ ni wá o," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

Káfíńtà kan wá ń fẹ́ aránṣọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ tó fi tún tábìlì tí aránṣọ fi ń gé aṣọ ṣe. Ṣùgbọ́n kó jáde báyìí, òǹkọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìrìn rẹ̀ jẹ, á na ìdí sẹ́yìn, á máa gbẹ́sẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Aránṣọ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, káfíńtà gbàgbé fìlà, ó padà wá mú un, ó bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Ó mú fìlà, ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

"Ọkọ lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn," ni ẹ̀gbọ́n aránṣọ wí fún un.

Nígbà tó yá, òǹkọ̀wé rí ẹni tó fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe fíìmù. Aránṣọ ni wọ́n ní kó rán aṣọ àwọn òṣèré, wọ́n bá fún un ní ìwé eré náà kó lè mọ ohun tí kálukú máa wọ̀. Bó ṣe ń kà á, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń rí. Ọsibítù wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ọkùnrin sáré sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun wá fẹ́ òun.

Àṣé òǹkọ̀wé ń fẹ́ òun, ẹnu ló kàn wúwo fún un láti sọ ọ́! Kò bi í léèrè. Oṣù mẹ́rin ló fi rán aṣọ, tó ń fetí sí ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn èèyàn. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn aránṣọ ní ọmọbìnrin inú fíìmù yẹn ò gbọ́n rárá. Nígbà tí wọ́n jáde, aránṣọ fa òǹkọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìparí yẹn, ta lo fi ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìparí kẹ̀?" Inú òǹkọ̀wé ń dùn. "Ọ̀gá tó gbé fíìmù jáde ló ní ká fi kún un o. Ó ní kò yẹ kéèyàn fajú ro lọ sílé. Bí èmi ṣe kọ ọ́, ọ̀rẹ́ ni wọ́n bá ara wọn ṣe dópin. Ṣó o rí i bí káfíńtà yẹn ṣe pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Mo rí i."

Oṣù yẹn ò tíì parí tí aránṣọ fi kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí òdìkejì ìlú. Nígbà tí òǹkọ̀wé wá a kàn, ó mú ṣòkòtò rẹ̀ kan tó gùn jù dání, ó sì lọ jókòó sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe.

"Ìwọ yìí, o wá ń sá fún mi?"

"Ẹ dìde lórí iṣẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́," ni aránṣọ wí. "Ẹ fi ṣòkòtò yín síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ padà wá."

Ó dìde, ó ń retí kí aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn ti wọlé, aránṣọ sì ti na téèpù.